Ẹ Bi Wá: Ọ́ìlì Mọ́tò Nínú Alùpùpù, àti Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Ọ́ìlì Pẹ̀lú Fítà

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kubwa ni mò ń gbé ní Àbújá, Wuse ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra Triumph Bonneville ọdún 2012 lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ìrísí alùpùpù náà dà bí ti ayé àtijọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ní oṣù tó kọjá, mo gbé e lọ fún sáfíìsì. Mẹkáníìkì tó bá mi ṣe é da ọ́ìlì mọ́tò sí i, ó ní ọ́ìlì olówó gọbọi ni, pé ó dára ju ti ọ̀kadà lọ. Kò pààrọ̀ fítà, nítorí ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rà. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ yára lójú títì márosẹ̀ Kubwa, ẹ́ńjìnì á ké sókè, ṣùgbọ́n eré alùpùpù kò ní tó igbe rẹ̀. Ṣé ọ́ìlì yìí ló fà á? Ṣé mo sì lè pààrọ̀ ọ́ìlì àti fítà fúnra mi?
Olùkàwé yín, Kubwa.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìdúró o, ẹ̀yin olùkàwé wa. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yìí ni à ń pè ní kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀. Agbára ẹ́ńjìnì ń jáde, ṣùgbọ́n àwọn pílétì kílọ́ọ̀ṣì kò di ara wọn mú dáadáa, nítorí náà gbogbo agbára yẹn kò dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ó ṣeé ṣe gidigidi kó jẹ́ ọ́ìlì náà ló fà á. Síbẹ̀, kí a tó dá ọ́ìlì lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ wo okùn kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ di ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì mú, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ń mì díẹ̀, bíi mílímítà 2 sí 3, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn. Bí kò bá mì rárá, okùn náà ti le jù, ìyẹn nìkan sì tó láti mú kí kílọ́ọ̀ṣì máa yọ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Bí okùn bá dára, a jẹ́ pé ọ́ìlì ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀ yékéyéké, nítorí àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ mọ́tò dunjú, tí wọn kò sì ní èrò ibi kankan lọ́kàn. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ́tò, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì dá wà, ti gíábọ́ọ̀sì dá wà, kílọ́ọ̀ṣì sì wà ní gbígbẹ níbi tí ọ́ìlì kò ti lè kàn án. Nínú Bonneville yín, ọ́ìlì kan ṣoṣo ló ń sin ẹ́ńjìnì, gíábọ́ọ̀sì àti kílọ́ọ̀ṣì pa pọ̀, òun náà ló sì tún ń tu ẹ́ńjìnì lára, nítorí ó ń gba inú rédíétọ̀ kékeré tó wà níwájú, láàárín àwọn irin férémù, kọjá kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Àwọn tó ń ṣe ọ́ìlì mọ́tò òde òní máa ń fi èròjà sí i tí irin fi ń yọ̀ lára irin, kí ọkọ̀ má baà jẹ epo púpọ̀. Ohun rere ni èyí fún mọ́tò. Ṣùgbọ́n pílétì kílọ́ọ̀ṣì tó ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì yìí kan náà kò gbọ́dọ̀ yọ̀, nítorí pé dídì tí wọ́n ń di ara wọn mú ni iṣẹ́ wọn. Ohun tó ṣe mọ́tò lóore yìí gan-an ló ń pa alùpùpù lára, kò sì sí bí owó ọ́ìlì náà ṣe lè pọ̀ tó tí yóò yí èyí padà.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń ra ọ́ìlì, ẹ má wo àwọ̀ rẹ̀, ẹ má sì gbára lé iye owó rẹ̀. Ẹ yí gálọ́ọ̀nù náà sẹ́yìn, kí ẹ wá JASO MA tàbí JASO MA2. Ìwọ̀n tí àwọn ará Japan fi lélẹ̀ fún ọ́ìlì alùpùpù ní ọdún 1998 ni JASO yìí, MA ni wọ́n sì ń kọ sára èyí tó yẹ fún kílọ́ọ̀ṣì inú ọ́ìlì. Bí ẹ bá rí MB, ẹ fi sílẹ̀, irú àwọn sìkútà tí kílọ́ọ̀ṣì wọn kò sí nínú ọ́ìlì ló wà fún. Bí ẹ bá sì rí Resource Conserving lára àmì róbótó ẹ̀yìn gálọ́ọ̀nù, ọ́ìlì mọ́tò nìyẹn, kó má ṣe wọ inú alùpùpù yín. Ní ti kíki, 10W-40 àti 15W-50 ni ilé iṣẹ́ Triumph fọwọ́ sí fún ẹ́ńjìnì 865 cc yìí. Ní tèmi, 15W-50 ni màá dà sí i ní Àbújá, nítorí pé ẹ́ńjìnì tí afẹ́fẹ́ ń tù lára máa ń gbóná kọjá ààlà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya tàbí ti Berger, pàápàá láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin tí oòrùn wa kì í ṣojúure sí ẹnikẹ́ni.

Ti fítà kò le tó bí wọ́n ṣe sọ fún yín. Fítà tí ilé iṣẹ́ HiFlo ń pè ní HF204 bá a mu, òun kan náà sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ alùpùpù Honda, Kawasaki àti Yamaha ńláńlá ń lò. Ẹni tó bá béèrè fítà Triumph lè máà rí i, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó béèrè HF204 yóò rí i rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù ńlá, tàbí kí wọ́n bá a fi ránṣẹ́ láti Èkó. Ẹ ra méjì tàbí mẹ́ta pa pọ̀, kí ẹ fi pamọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fítà mọ́tò dípò rẹ̀ nítorí pé ó wọ ojú ihò. Fálìfù kan wà nínú fítà tó ń ṣí bí fítà bá dí, agbára tí ti mọ́tò àti ti alùpùpù fi ń ṣí kò sì dọ́gba.

Ẹ lè ṣe iṣẹ́ náà fúnra yín dájúdájú. Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí pé ọ́ìlì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yára ṣàn, ó sì máa ń kó ìdọ̀tí jáde. Ẹ pa á, kí ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀. Páìpù sáláńsà kọjá nítòsí fítà, ó sì lè jó yín lọ́wọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, torí pé ọ́ìlì tí a ti lò ń ba ara jẹ́ bó bá ń kan ara lemọ́lemọ́. Ẹ gbé abọ́ tó lè gba lítà márùn-ún sábẹ́ ẹ́ńjìnì, kí ẹ tú bóòtù ìsàlẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí alùpùpù dúró ṣánṣán títí ọ́ìlì yóò fi máa kán tótó. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tú fítà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe nìyí: rọ́bà róbótó tó wà lẹ́nu fítà àtijọ́ lè lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì. Bí ẹ bá fi tuntun lé e lórí, rọ́bà méjì yóò wà níbẹ̀, ọ́ìlì yóò sì tú jáde lójú ọ̀nà, bóyá síwájú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn alùpùpù fúnra rẹ̀. Ẹ fi ìka kàn án, kí ẹ rí i dájú pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà fítà tuntun, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí i wọlé. Nm 10 péré ni wọ́n ní kí á fi dì í (Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń di nǹkan), ìyẹn ni pé agbára ọwọ́ lásán tó o.

Ẹ fi wọ́ṣà bàbà tuntun sí bóòtù ìsàlẹ̀. Nm 25 ni tirẹ̀, mo sì bẹ̀ yín pé kí ẹ yá sípánà tó ń wọn agbára bí ẹ kò bá ní in. Alumíníọ́mù ni ìdí ẹ́ńjìnì, kò lágbára tó irin bóòtù. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn ní Kàdúná, mo di irú bóòtù bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára mi nítorí ìbẹ̀rù pé ọ́ìlì lè máa jò, títí ojú ihò náà fi ya. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wá ẹni tó lè tún un gbẹ́. Ó dùn mí gan-an nígbà náà, n kò sì fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí yín.

Lítà 3.8 ni ọ́ìlì tó ń wọ ẹ́ńjìnì yín bí a bá pààrọ̀ fítà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ da lítà 3.5. Ẹ tan ẹ́ńjìnì láì fún un ní iná rárá, kí ẹ sì máa wo iná pupa ọ́ìlì. Ó gbọ́dọ̀ kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, bí kò bá sì kú, ẹ pa ẹ́ńjìnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bó bá ti ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ pa á, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹnì kan bá yín di alùpùpù mú ṣánṣán, kí ẹ wá wo fèrèsé dígí kékeré tó wà lára ẹ́ńjìnì. Àárín ilà méjì ni ọ́ìlì gbọ́dọ̀ dúró sí. Ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí yóò fi súnmọ́ ilà òkè. Ẹ má wò ó nígbà tó bá fara ti sítáǹdì ẹ̀gbẹ́, nítorí irọ́ ni yóò pa fún yín.

Níwọ̀n ìgbà tí ọ́ìlì mọ́tò ti wọ inú kílọ́ọ̀ṣì, mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ tún pààrọ̀ ọ́ìlì náà lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 500, kí ìyókù èyí tó fara pamọ́ lè jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà, kílọ́ọ̀ṣì á padà bọ̀ sípò. Bí ó bá ṣì ń yọ̀ lẹ́yìn èyí, a jẹ́ pé àwọn pílétì ti jó, pípààrọ̀ wọn ló kù. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé Triumph sọ pé kìlómítà 10,000 tàbí ọdún kan ni kí á máa pààrọ̀ ọ́ìlì. Èmi kò ní dúró tó bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Pẹ̀lú eruku ọyẹ́ àti ooru wa, kìlómítà 5,000 tàbí oṣù mẹ́fà ni mo fara mọ́, kí ẹ sì máa wo fítà afẹ́fẹ́ náà nígbà ọyẹ́. Ọ́ìlì tí ẹ bá tú jáde, ẹ rọ ọ́ sínú gálọ́ọ̀nù kí ẹ fún àwọn káfíńtà. Wọ́n ń fi í pa igi òrùlé nítorí ikán. Ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí sórí ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ní Kubwa ló ń mu omi kànga.

ÌBÉÈRÈ: Honda CG125 àtijọ́ ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Mo wá fítà ọ́ìlì rẹ̀ títí, n kò rí i. Ṣé wọ́n ti yọ ọ́ ni?
Olùkàwé, Kàdúná.

ÌDÁHÙN: Wọn kò yọ ọ́. Láti ìgbà tí CG125 ti jáde ní ọdún 1976, kò ní irú fítà tí à ń rà ní ọjà. Asẹ́ kékeré ló ní, ẹ óò rí i lẹ́yìn ìdérí ńlá kan nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, sípíríǹgì sì wà lẹ́yìn ìdérí náà. Nítorí náà ẹ rọra tú u, kí ó má baà ta jáde sọnù. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ asẹ́ náà, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ sì dá a padà. Ó tún ní agolo kékeré kan tó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnì lábẹ́ ìdérí ọwọ́ ọ̀tún. Yíyí tó ń yí ló máa ń ti ìdọ̀tí mọ́ ògiri inú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni à ń ṣí èyí, ṣùgbọ́n bí alùpùpù náà bá ti wà nílẹ̀ láti ayé bàbá yín, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n ṣí i lẹ́ẹ̀kan kó fọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ sì ra gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí náà sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.