Fóònù àti kọ̀ǹpútà lórí wáyà kan ṣoṣo: ohun tí ojú mi rí

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ọ̀gá yín fẹ́ da nẹ́tíwọ̀kì fóònù àti ti kọ̀ǹpútà pọ̀ di ọ̀kan ní ọ́fíìsì, ẹ wá ń bi wá bóyá èrè gidi wà níbẹ̀ àbí ẹnu àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ló kàn dùn. Èrè wà níbẹ̀. Àmọ́ ibi tí àwọn ọlọ́jà ń tọ́ka sí kọ́ ni mo ti rí i, mo sì jìyà díẹ̀ kí n tó rí i.

Nígbà tí àwa fẹ́ ṣe tiwa, owó ìpè nìkan ni gbogbo wa ń sọ. Ẹ̀ka mẹ́ta la ní, ìpè láti ẹ̀ka kan sí èkejì sì ń jẹ owó. Lóòótọ́, ìyẹn di ọ̀fẹ́, torí orí ìlà íntánẹ́ẹ̀tì tí a ti ń sanwó fún tẹ́lẹ̀ ló ń gbà kọjá. Ó dára, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí èèyàn ń pariwo lé lórí, àgàgà lóde òní tí kálukú ń fi WhatsApp pe ara wọn.

Ibi tí owó ti ń jò gan-an ni ọ̀rọ̀ kí èèyàn kó láti tábìlì kan sí òmíràn. Láyé fóònù àtijọ́, bí akọ̀wé kan bá kúrò ní yàrá kejì lọ sí ìkẹrin, a óò pe oníṣẹ́ fóònù, a óò dúró dè é, yóò wá tú wáyà nínú yàrá kótópó kan, yóò so ó mọ́ ibòmíràn, a óò sanwó. Akọ̀wé lè wà láìní fóònù fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní báyìí, á yọ fóònù rẹ̀, á gbé e há abíyá, á ki wáyà rẹ̀ bọ ihò tó bá rí lára ògiri, nọ́ńbà rẹ̀ á sì bá a débẹ̀. Lọ́dún tí a tún ọ́fíìsì tò, èèyàn méjìdínlógójì ló yí àyè padà láàárín ọjọ́ méjì, a kò pe oníṣẹ́ kankan. Wáyà pàápàá dín kù: ihò méjì ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ fóònù IP, ìyẹn fóònù tó ń gba orí nẹ́tíwọ̀kì kọ̀ǹpútà: ọ̀kan fún ògiri, èkejì fún kọ̀ǹpútà. Bí switch yín, ìyẹn àpótí tí gbogbo wáyà nẹ́tíwọ̀kì ń wọ̀, bá sì ní PoE, inú wáyà yẹn náà ni iná tí fóònù ń lò ti ń wá.

Èrè kejì, a kò tilẹ̀ retí rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń kọ gbogbo ìpè sílẹ̀, títí kan èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Nígbà tí mo wò ó, àárín aago méjìlá sí aago kan ọ̀sán ni ìpè àwọn oníbàárà ń ṣòfò jù, torí gbogbo wa la jọ ń lọ jẹun. A pín ìsinmi sí méjì. Láyé fóònù àtijọ́, ta ni ì bá mọ̀?

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí bàtà ti ta wá lẹ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ohùn wa ń já, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níwájú fáànù. A pe àwọn tó ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ìlà wọn kò ní àbùkù. A pààrọ̀ fóònù méjì, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Mo wá mú bébà, mo ń kọ àkókò ìráhùn kọ̀ọ̀kan: aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, aago méjì kọjá díẹ̀, lójoojúmọ́. Àṣé server (kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn yòókù) ti ẹ̀ka akáńtì ló ń fi ẹ̀dà fáìlì ránṣẹ́ síta ní àwọn aago yẹn. Ó gba gbogbo ojú ọ̀nà ìjáde, ohùn wá ń wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí ọ̀kadà lẹ́yìn tírélà.

Ohùn kì í jẹ ààyè púpọ̀ o. Ìpè kan lórí G.711, ìlànà kan tí fóònù fi ń sọ ohùn di dátà, jẹ́ kílóbíìtì 64 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá ro ẹrù àdírẹ́sì tí wọ́n ń dì mọ́ ọn pọ̀ mọ́ ọn, ó tó nǹkan bí kílóbíìtì 87 lórí Ethernet, ìyẹn nẹ́tíwọ̀kì oníwáyà tí ọ́fíìsì ń lò. Ìpè mẹ́wàá kò tó mẹ́gábíìtì kan. Àìlèdúró ni wàhálà rẹ̀. Ímeèlì lè pẹ́ ìṣẹ́jú àáyá méjì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ohùn tó bá pẹ́ ju mìlísẹ́kọ́ǹdì 150 tí ìlànà G.114 ti ITU, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, sọ lọ, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu.

A fi fóònù sí VLAN tiwọn, ìyẹn bí ẹni pín nẹ́tíwọ̀kì kan sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀; a fi DSCP 46, àmì tó ń sọ pé kánjúkánjú ni dátà yìí, sàmì sí ohùn; a ní kí router, ẹ̀rọ tó so ọ́fíìsì mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, máa jẹ́ kó kọ́kọ́ kọjá. Kò tán síbẹ̀. Àfi ìgbà tí mo dín iyára ìjáde dátà kù sí bí ìdá 90 nínú 100 agbára ìlà wa ni ara tó tù wá, torí bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, inú ẹ̀rọ ẹni tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì ni fáìlì á ti lọ tò, ẹ̀rọ yẹn kò sì mọ ohùn yàtọ̀ sí fáìlì. Fáìlì akáńtì náà di iṣẹ́ òru. Bí ẹ bá sì rí i pé ẹnì kan ń gbọ́, ẹnì kejì kò gbọ́, ẹ kọ́kọ́ pa SIP ALG lórí router yín, ìyẹn ètò kan tó máa ń tọwọ́ bọ ìsọfúnni ìpè.

Ọ̀rọ̀ iná náà wà. Fóònù àtijọ́ ń gba iná láti ilé ìlà, kò bìkítà bí iná bá lọ ní ọ́fíìsì. A ra UPS fún server fóònù, a gbàgbé switch. Iná lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, server ń ṣiṣẹ́ lọ ràì, fóònù kan ṣoṣo kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ ra UPS fún switch àti router pẹ̀lú, kí ẹ sì fi ìlà kan tí kò gba orí nẹ́tíwọ̀kì yín sílẹ̀ fún pàjáwìrì.

Ẹ̀ka kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ iye fóònù yín àti iyára ìjáde ìlà yín síbí, ká jọ ṣírò rẹ̀ kí ọ̀gá tó fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni.