Mú díẹ̀, kó o sì dì í mú ṣinṣin

Àbúrò mi tó ń ṣe gàrí l'Ọ̀yọ́, mo ka ohun tó o kọ. O ní ọjà ń tà àmọ́ owó ò dúró, o wá to ohun tó o fẹ́ ṣe lọ́dún yìí sílẹ̀: pátákó tuntun, àpò tó ní orúkọ ẹ lára, ìsọ̀ ní ọjà Akẹ̀sán, fùfú, fídíò lórí Facebook. O béèrè èwo ló yẹ kó ṣíwájú. Lójú tèmi, kò sí ìkankan nínú wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bójú tó ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí. Ọ̀wọ́n igi, ọ̀wọ́n epo ẹ̀rọ, ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì ìlú wa níbí, gba ìsinmi tí ọjà dá wáí, gbogbo ẹ̀ lojú mi ti rí. Nǹkan mẹ́ta péré ló gbé wa dúró: ẹ̀gẹ́ tí kò pẹ́ nílẹ̀, omi tá a fún jáde dáadáa, àti oníbàárà tó ń sanwó.

Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti hú, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ní kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú nínú. Inú ilẹ̀ ló ti lè dúró deni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́ bá bàjẹ́, mo máa ń pe àgbẹ̀ pé kó má tíì hú ẹ̀gẹ́, kí n tó pe mẹkáníìkì.

Omi ni ibi tí èrè ti ń jò lọ láìsí ẹni tó rí i. Kí wọ́n tó sẹ́ ẹ, mo máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpò ẹ̀gẹ́ lílọ̀ tó wà lábẹ́ jáàkì tá a fi ń fún omi ẹ̀ jáde, màá fún un mọ́wọ́ dáadáa. Tí mo bá ṣíwọ́ tó tú ká, tí àtẹ́lẹwọ́ mi ò sì tutù, ó ti tó. Tó bá lẹ̀ mọ́wọ́, wọ́n á dá a padà sábẹ́ jáàkì. Omi tí jáàkì ò bá fún jáde, igi ìdáná lo máa jó kó tó gbẹ, owó sì nigi. Á tún di kókó nínú agbada, gàrí ẹ̀ á sì tètè bu. Jọ̀ọ́, fetí sí àwọn ìyá tó ń yan án. Àwọn ni èéfín ń wọ̀ lójú. Tí wọ́n bá ní kò tíì gbẹ, kò tíì gbẹ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni àwọn oníbàárà. Àwọn olùkọ́ ìṣòwò ní ìlànà kan tí wọ́n fi orúkọ Vilfredo Pareto ará Ítálì pè: lọ́pọ̀ ìgbà, nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí èèyàn ń ṣe ló ń mú ìdá 80 èrè wá. Kò ní rí bẹ́ẹ̀ géérégé níbi gbogbo, àmọ́ ṣí ìwé ẹ wò. Lọ́dọ̀ tèmi, àwọn tó ń rà lápò-lápò, tí wọ́n ń san ti àná kí wọ́n tó gbé tòní, ò pọ̀ rárá, àwọn ló sì ń bọ́ wa. Kò yẹ kí wọ́n dé kí wọ́n bá a pé gàrí ti tán, torí pé a ti kó o fún aláwìn.

Fún oṣù yìí, gbé fùfú àti Akẹ̀sán tì ná. Kọ orúkọ àwọn tó rà jù lóṣù tó kọjá, kọ gbèsè tó wà lọ́rùn kálukú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó o sì lọ bá wọn nísọ̀ wọn. Bó o bá dé, wá sọ ohun tó o bá níbẹ̀ fún mi.