Ṣé àdéhùn ló bí òwò, àbí òwò ló bí àdéhùn?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kà á pé àwọn orílẹ̀-èdè kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè yọ owó bodè láàárín ara wọn, òwò wọn sì di ìlọ́po méjì. Ṣé ìyẹn ò ti fi hàn pé àdéhùn yẹn ṣiṣẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Kò tíì fi hàn o. Òwò lè pọ̀ torí pé ọrọ̀ ajé wọn ń dàgbà, tàbí torí pé wọ́n jọ pààlà tí wọ́n sì ti ń bára wọn ná ọjà tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lùwé. Èló ni wọn ì bá tà ká ní kò sí àdéhùn? Ohun táwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń wá nìyẹn. Jan Tinbergen, ọ̀kan lára wọn, gbé ìṣirò kan jáde lọ́dún 1962, gravity model ni wọ́n ń pè é: bí ọrọ̀ ajé ẹni méjì bá ṣe tóbi tó lòwò wọn á ṣe pọ̀ tó, bí wọ́n bá sì ṣe jìnnà síra tó lá máa dín, tí òwò gangan bá wá ju ohun tí ìṣirò yẹn retí, wọ́n á ka èlé yẹn sí iṣẹ́ àdéhùn.

Ẹ má gbàgbé àwọn onífàyàwọ́ náà o. Tí owó bodè bá kúrò, àwọn míì á gba ọ̀nà tó tọ́, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù á wú, ọjà tó ń wọlé látijọ́ náà ni.

Èyí tó ká mi lára jù rèé. Ká ní owó bodè jẹ́ 20%. Ọjà òkèèrè jẹ́ dọ́là 100, taládùúgbò jẹ́ 110. Tòkèèrè á di 120, taládùúgbò 132, tòkèèrè ni wọ́n á rà. Wọ́n wá yọ owó bodè fún aládùúgbò nìkan, tiẹ̀ padà sí 110, gbogbo oníbàárà bá yí sọ́dọ̀ ẹ̀. Òwò inú ẹgbẹ́ ròkè lóòótọ́, àmọ́ 110 ni wọ́n ń san síta báyìí dípò 100, dọ́là 20 tó ń wọ àpò ìjọba sì ti lọ. Láti 1950 ni Jacob Viner, onímọ̀ ọrọ̀ ajé míì, ti ya òwò tuntun sọ́tọ̀ kúrò lára òwò tó kàn ṣí kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á pọ́ọ́kú. Irú ẹ̀ ni Alexander Yeats ti World Bank sọ nípa Mercosur, ẹgbẹ́ òwò àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991: ọjà tí òwò ẹ̀ yára pọ̀ jù láàárín wọn, òun gan-an ni wọn ò rí tà dáadáa níta.