Ṣé ferrite ara wáyà ṣájà lè darí sígínà 60 GHz?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi gbé rédíò 60 GHz sórí ilé méjì ní Bódìjà, wọ́n jìn síra tó 1 km. Tí òjò bá ti ń rọ̀, ó máa ń já. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tajà lórí WhatsApp ní sígínà ló ń padà wọ inú rédíò, pé ká fi ferrite ṣe isolator sí i, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí sígínà lọ, tí kì í jẹ́ kó padà. A ti san àsansílẹ̀ fún ferrite tirẹ̀, àmọ́ a yọ ọ̀kan, kókó dúdú yẹn, lára wáyà ṣájà láptọ́ọ̀pù, a sì ní mágnẹ́ẹ̀tì sípíkà ńlá kan nílẹ̀. Báwo ni mágnẹ́ẹ̀tì náà ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin àbúrò mi, òjò ló ń já a. Ní 60 GHz, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ nìkan ń jẹ nǹkan bí 15 dB (dB ni a fi ń wọn bí agbára sígínà ṣe ń dín kù) nínú kìlómítà kan, kí ìkùukùu tó ṣú rárá. Tí òjò Ìbàdàn gidi bá wá dà, èyí tó ń rọ̀ ní ìwọ̀n 50 mm ní wákàtí kan, òun náà á jẹ ju 15 dB lọ. Àpapọ̀ 30 dB túmọ̀ sí pé ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ló ṣẹ́kù, yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀nà jíjìn ti jẹ. Isolator kò lè bá òjò jà. Àti pé irú rédíò bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn, ẹ̀rọ àti áńténà jọ wà lórí pátákó kan náà ni. Ibo lẹ fẹ́ ki isolator bọ̀?

Ìyẹn tán. Ọ̀rọ̀ mágnẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ jókòó tì, nítorí ó ti sú mi láti máa gbọ́ pé mágnẹ́ẹ̀tì tó bá lágbára á fa sígínà síbi tí a bá fẹ́.

Mágnẹ́ẹ̀tì kì í fa sígínà. Ẹ gbé èyí tó lágbára jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, yóò kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Inú ferrite ni iṣẹ́ wà. Ferrite dà bí tánganran tí irin wà nínú ẹ̀. Iná kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìgbì fi lè wọ inú rẹ̀ dípò kó ta padà bíi lára irin. Àwọn elẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ń yí bí òkòtó tó fẹ́ ṣubú, tí orí rẹ̀ ń fì yíká. Mágnẹ́ẹ̀tì ló ń sọ apá ibi tí gbogbo wọn á máa fì sí. Ìgbì tó bá ń yí sápá kan náà á bá wọn lò pọ̀, èyí tó ń yí sí òdìkejì á kọjá lọ ní tirẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn ni isolator ń lò tó fi jẹ́ kí sígínà lọ, tí kò jẹ́ kó bọ̀. Polder, onímọ̀ físíìsì ará Netherlands, kọ ìṣirò rẹ̀ ní 1949. Ní 1952, Hogan ní ilé ìwádìí Bell Labs, Amẹ́ríkà, fi ṣe ẹ̀rọ.

Tí ẹ bá fẹ́ kí fífì yẹn bá 60 GHz dọ́gba, 2.8 GHz ni kilo-oersted kan (ìwọ̀n agbára mágnẹ́ẹ̀tì) ń fún yín. Ẹ fi 2.8 pín 60: ó lé ní kilo-oersted 21, ìyẹn bíi tẹ́sílà 2.1. Mágnẹ́ẹ̀tì neodymium, èyí tó lágbára jù nínú àwọn tí a ń rà lọ́jà, fúnra rẹ̀ kò ju tẹ́sílà 1.4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ lọ. Nítorí náà àwọn tó mọṣẹ́ kì í lé agbára mágnẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á fún ferrite ní ìwọ̀nba tó máa yó, ìyẹn tí gbogbo elẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn á ti kọjú sí apá kan náà. Tó bá sì ti yó, èyí tí ẹ bá tún fi kún un kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Irú ferrite ló kù. YIG, irú ferrite kan tó ní yttrium nínú, máa ń yó ní nǹkan bí 1,780 gauss (10,000 gauss ni tẹ́sílà kan). Oní-nickel-zinc lè dé 5,000, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yàn án fún ìgbì mìlímítà.

Ti ara ṣájà ńkọ́? Wọ́n ṣe é kó máa jẹ ariwo megahertz ni, kó sì sọ ọ́ di ooru. Ìgbì 60 GHz tó wà nínú ferrite kò gùn ju nǹkan bí 1.4 mm lọ, ẹ wá wo bí ti ṣájà yín ṣe tóbi tó.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé mágnẹ́ẹ̀tì sípíkà yẹn gan-an, tó bá jẹ́ dúdú, ferrite ni: hexaferrite oní-strontium. Ó ní agbára abẹ́nú tirẹ̀ tó lè gbé fífì náà dé àyíká 50 GHz láìsí mágnẹ́ẹ̀tì kankan níta, ìdílé rẹ̀ sì ni wọ́n fi ń ṣe circulator (ẹ̀rọ tó ń darí sígínà láti ẹnu kan sí èkejì lọ́nà kan ṣoṣo) tí kò nílò mágnẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹ má gé e o! Ti sípíkà kún fún ihò wẹ́wẹ́, 60 GHz sì sún mọ́ ibi tó ti ń gbé sígínà mì. Ẹ̀rúnrún rẹ̀ kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró, ayùn irin á sì fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Dáyámọ́ńdì àti omi ni wọ́n fi ń gé e.

Tó bá jẹ́ inú yàrá ìwádìí lẹ wà, tí ẹ ní páìpù ìgbì WR-15 (3.76 × 1.88 mm), ẹ ra isolator tí wọ́n ti wọ̀n, tó ń dá 20 dB dúró ó kéré tán. Fún ti Bódìjà, ẹ mú rédíò méjèèjì súnmọ́ra, tàbí kí ẹ fi ọ̀nà 5 GHz tì í lẹ́yìn fún ìgbà òjò. Mi ò rí orí ilé yín, torí náà ẹ pe ẹni tó mọ ìtò áńténà kó wò ó kí ẹ tó náwó. Tí ẹ bá tú rédíò yẹn tó bàjẹ́, èmi kọ́ ni mo rán yín. Kí ẹ sì gba àsansílẹ̀ yín padà lọ́wọ́ onítọ̀hún. Tó bá ń jiyàn, ẹ ní kó fi ìwé ìwọ̀n ferrite rẹ̀ ní 60 GHz hàn yín.