Ilẹ̀ létí odò ní Nagambie: kí ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò kí a tó fọwọ́ sí ìwé?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Shepparton, ní ìpínlẹ̀ Victoria, ní Ọsirélíà. Èmi àti ọkọ mi ti gba ìwé ìgbélùú títí láé. A rí ilẹ̀ kan ní Nagambie tí kò jìnnà sí odò Goulburn, tí oko àjàrà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó tóbi ju ohun tí owó wa lè rà ní Melbourne lọ fíìfíì. A fẹ́ kọ́ ilé tí ó bá ìfẹ́ ọkàn wa mu, oníyàrá márùn-ún, kí ọ̀kan lè wà fún ìyá mi nígbàkúùgbà tí wọ́n bá wá láti Ilé-Ifẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe kan ti dá iye lé iṣẹ́ náà fún wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì fojú kan ilẹ̀ náà. Ọkọ mi ní kí a ra ilẹ̀ ná, kí a sì máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ bí a ti ṣe nílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà ní Èkó fẹ́ dá owó sí i, ó sì fẹ́ kí orúkọ òun wà nínú ìwé ilẹ̀. Kí ni ẹ rí sí i?
Màmá Ìbejì, Shepparton

Ìdáhùn

Màmá Ìbejì, ẹ kú ìmúra. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ má ka iye tí agbaṣẹ́ṣe yẹn dá sí iye owó ilé yín. Ilé tí ó dá iye lé jẹ́ ilé tí a kọ́ sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ó gbẹ, tí ó le, tí omi kì í dé, tí kò sì sí igbó nítòsí rẹ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n létí odò Goulburn. Ìnáwó tí ó máa ń ba àwọn ènìyàn lójijì níbẹ̀ kì í sábà wá láti ara ògiri tàbí òrùlé, bí kò ṣe láti ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀. Nítorí náà, kí àwòrán ilé dúró ná, kí a kọ́kọ́ bi ilẹ̀ léèrè irú ilé tí yóò gbà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí omi. Adágún Nagambie tí gbogbo ènìyàn ń yà ní fọ́tò kì í ṣe àdáyébá. Ìdènà omi tí wọ́n ń pè ní Goulburn Weir, tí wọ́n kọ́ láàrin ọdún 1887 sí 1891, ni ó sé odò náà tí ó fi tẹ́jú. Nítorí pé omi rẹ̀ kì í sábà lọ sókè tàbí wá sílẹ̀, àwọn tí ń wá ilẹ̀ rà máa ń rò pé odò yìí ti gba ẹ̀kọ́ ilé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Iṣẹ́ ìdènà náà ni láti yí omi sínú àwọn ipadò tí ń bomi rin oko, kò sí lára iṣẹ́ rẹ̀ láti dá omíyalé dúró. Ibi tí ó lè gba omi púpọ̀ dúró ni adágún Eildon tí ó wà lókè odò, nígbà tí òun náà bá sì kún, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ni yóò mọ̀ ọ́n lára. Shepparton ni ẹ ń gbé, nítorí náà ẹ kò ní ṣàìgbọ́ nípa oṣù Kẹwàá ọdún 2022, nígbà tí omi odò yìí wọ ilé àwọn ènìyàn ní Seymour àti ní ìlú yín níbẹ̀. Ẹni tí ó bá sì rántí Ògùnpa ní Ìbàdàn lọ́dún 1980 mọ̀ pé odò tí ó dákẹ́ lè padà wá gba ààyè rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Ẹ lọ sórí VicPlan, máàpù ìjọba Victoria tí a ń lò lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ tẹ àdírẹ́sì ilẹ̀ náà sí i, kí ẹ sì wò ó bóyá àmì LSIO tàbí FO wà lórí rẹ̀. LSIO túmọ̀ sí pé omíyalé lè dé orí ilẹ̀ náà, a sì lè kọ́lé síbẹ̀ bí a bá tẹ̀ lé ìlànà. FO sọ pé ojú ọ̀nà omi gan-an ni ibẹ̀. Bí FO bá bo ibi tí ẹ fẹ́ gbé ilé sí, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ wá ilẹ̀ mìíràn, bí ó ti wù kí ó dín owó tó. Bí kò bá tilẹ̀ sí àmì kankan, ẹ ṣì kọ̀wé sí Goulburn Broken Catchment Management Authority, àjọ tí ń bójú tó odò àti omíyalé ní agbègbè yẹn, kí ẹ béèrè gíga tí omi dé nínú omíyalé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé irú omíyalé bẹ́ẹ̀ á wá lẹ́ẹ̀kan, á sì fún wa ní ọgọ́rùn-ún ọdún láti sinmi. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé lọ́dọọdún ni ó ṣeé ṣe pẹ̀lú ìwọ̀n 1 nínú 100. Bí ẹ bá yá owó ilé fún ọgbọ̀n ọdún, ìṣeéṣe pé irú omi bẹ́ẹ̀ yóò dé ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó san gbèsè tán jẹ́ nǹkan bí 26 nínú 100. Iye owó ìbánigbófò ilé náà yóò sì tẹ̀ lé e, nítorí náà ẹ béèrè iye tí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò yóò gbà lórí àdírẹ́sì yẹn kí ẹ tó ra ilẹ̀.

Ní Victoria, ilẹ̀ yàrá gbọ́dọ̀ ga ju ibi tí omi yẹn dé lọ pẹ̀lú ó kéré tán mìlímítà 300. Bí omi bá lè dé mìlímítà 600 sókè lórí ilẹ̀ yín, a jẹ́ pé ilẹ̀ yàrá yóò wà ní mìlímítà 900 sókè. Ọ̀nà méjì ni a fi ń ṣe é. A lè kó yẹ̀pẹ̀ kún ilẹ̀ kí a tó da kọnkéré lé e, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ kì í fẹ́ èyí, nítorí omi tí yẹ̀pẹ̀ yín bá lé kúrò yóò lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Ọ̀nà kejì ni kí a gbé ilé sórí òpó, kí omi lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Èyí ni mo fẹ́ràn létí odò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń béèrè ìdáàbòbò tí ó nípọn lábẹ́ ilé lọ́wọ́ òtútù. Ọ̀rọ̀ màmá yín wọ inú èyí pẹ̀lú. Láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni òfin ilé kíkọ́ ní Victoria ti ń béèrè ẹnu ọ̀nà tí kò ní àtẹ̀gùn fún ilé tuntun. Láti gun mìlímítà 900 lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1 sí 14, ẹ nílò ọ̀nà tí ó tó mítà 12.6, láìtíì ka ibi ìsinmi àárín rẹ̀. Òfin ní àyè fún ìyọ̀ǹda níbi tí ilẹ̀ kò bá gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún màmá kò mọ ìyọ̀ǹda. Ẹ fi ọ̀nà yìí sínú àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má baà di ohun tí a so mọ́ iwájú ilé nígbẹ̀yìn.

Ilẹ̀ gan-an ni ó kàn. Ọdún 1860 ni wọ́n ti dá oko àjàrà Tahbilk sílẹ̀ lẹ́bàá Nagambie, erùpẹ̀ tí odò kó jọ láti ìgbà pípẹ́ sì wà lára ohun tí ó mú àjàrà fẹ́ràn ibẹ̀. Ohun tí ó dára fún àjàrà lè jẹ́ wàhálà fún ìpìlẹ̀. Láàrin ilẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ lè bá yanrìn ní ìhín kí ẹ sì bá amọ̀ ní ọ̀hún. Amọ̀ yìí a máa wú bí òjò bá rọ̀, a sì máa súnkì ní ẹ̀ẹ̀rùn, ilé tí ó wà lórí rẹ̀ a sì máa lanu. Ìlànà AS 2870, èyí tí Ọsirélíà ń lò fún ìpìlẹ̀ ilé, pín ilẹ̀ sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rìn sókè sódò: M kò ju mìlímítà 40 lọ, H1 dé 60, H2 dé 75, E sì kọjá bẹ́ẹ̀. Ìsọ̀rí P ni ilẹ̀ oníṣòro, bí ilẹ̀ rírọ̀, tàbí ibi tí wọ́n ti dí adágún oko àtijọ́. Ìyàtọ̀ owó ìpìlẹ̀ láàrin M àti P kì í ṣe kékeré rárá. Bákan náà, ẹ ṣọ́ra fún igi yúkálípù ńlá tí ó bá súnmọ́ ibi ilé, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ń fa omi inú amọ̀.

Òfin wà fún yín níbí. Òfin àdéhùn ilé kíkọ́ ti Victoria, ti ọdún 1995, sọ pé agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ ní àbájáde àyẹ̀wò ilẹ̀ lọ́wọ́ kí ó tó wọ àdéhùn tí ó ní ìpìlẹ̀ nínú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé ná, kí a yẹ ilẹ̀ wò lẹ́yìn, ń fi ewu tirẹ̀ lé yín lórí. Nígbà tí àdéhùn bá dé ọwọ́ yín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ iye àfojúdá sí, pàápàá lórí ilẹ̀ gbígbẹ́, àpáta, ìpìlẹ̀ àti ìsopọ̀ iná àti omi. Iye tí ó kéré níbẹ̀ máa ń mú kí àròpọ̀ dùn ún gbọ́, àmọ́ ìyókù yóò dé nígbà tí ẹ kò ní lè padà sẹ́yìn mọ́. Kí lọ́yà yín sì kọ ọ́ sínú ìwé ríra ilẹ̀ pé ẹ ó parí rẹ̀ kìkì bí àyẹ̀wò ilẹ̀ àti lẹ́tà omíyalé bá tẹ́ yín lọ́rùn. Kí ó wo ìwé Section 32 dáadáa, ìyẹn ìwé tí olùtà yóò fi sọ ohun tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa ilẹ̀ náà fún yín, kí ó sì wádìí bóyá ilẹ̀ náà ní ìsopọ̀ sí ọ̀pá omi ìdọ̀tí ìlú. Bí kò bá ní, ẹ ó nílò àyẹ̀wò mìíràn tí yóò fi hàn pé ilẹ̀ náà lè gba omi ìdọ̀tí gbogbo ilé láàrin ààlà rẹ̀.

Ní ti kíkọ́ díẹ̀díẹ̀, mo mọ bí ó ti rọrùn fún wa tó nílé láti ra bọ́lọ́ọ̀kù lóṣù yìí kí a sì ra páànù lọ́dún tí ń bọ̀. Kò ṣiṣẹ́ níbí. Ìwé ìyọ̀ǹda ilé kíkọ́ ní ìgbà: a gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàrin oṣù 12, kí a sì parí ilé láàrin oṣù 24. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ ó lọ bẹ̀bẹ̀ fún àfikún ìgbà. Báńkì pàápàá ń fi owó sílẹ̀ ní ìpele ìpele, ẹ ó sì máa san èlé lórí èyí tí wọ́n bá ti fi sílẹ̀ nìkan, nítorí náà wọ́n ti bá yín ṣe díẹ̀díẹ̀ náà ní ọ̀nà tiwọn. Nínú òfin 1995 yẹn, owó ìṣáájú kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 5 nínú 100 lọ. Lẹ́yìn náà ni 10 fún ìpìlẹ̀, 15 fún férémù, 35 nígbà tí ilé bá ti ṣeé tì, àti 25 fún iṣẹ́ inú ilé. Ìyókù di ìgbà tí a bá parí. Ẹ má san kọ́bọ̀ kí ẹ tó rí ìwé ìbánigbófò tí agbaṣẹ́ṣe gbà lórí iṣẹ́ náà, tí ó ní orúkọ yín àti àdírẹ́sì ilẹ̀ yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ yan ẹni tí yóò máa yẹ iṣẹ́ náà wò lórúkọ òfin. Agbaṣẹ́ṣe kò ní àṣẹ láti bá yín yàn án.

Ẹ rántí pé apá àríwá ni oòrùn ń gbà ní Ọsirélíà. Òfin ń béèrè ìràwọ̀ méje fún ìlò agbára nínú ilé tuntun, yàrá ìgbafẹ́ tí ó kọjú sí àríwá, tí òrùlé rẹ̀ sì yọ síta dáadáa, yóò dé ibẹ̀ pẹ̀lú owó díẹ̀. Bí odò bá wà ní ìwọ̀-oòrùn tí ẹ sì fi gíláàsì ńlá kọjú sí i, ooru oṣù Kìíní yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹ béèrè òṣùwọ̀n BAL ilẹ̀ náà pẹ̀lú, èyí tí ó ń sọ bí iná igbó ṣe lè kan ilé tó, nítorí láti BAL-29 sókè ni fèrèsé àti ilẹ̀kùn ti máa ń wọ́n gógó.

Oko àjàrà ẹ̀yìn ilé lẹ́wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ajé ni. Wọ́n ń fín oògùn sí i, wọ́n ń fi ẹ̀rọ ká èso lóru ní àárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, àwọn oko kan sì ní fáànù gíga tí ń lé ìrì dídì ní òru ìgbà ìrúwé pẹ̀lú ariwo bíi ti hẹlikópútà. Ẹ bi olóko léèrè èyí tí ó ń lò. Yàrá màmá yẹ kí ó wà ní apá kejì ilé, bí ẹ bá sì fẹ́ mu omi òjò, ẹ má fi ojú òrùlé tí ó kọjú sí oko gbà á.

Ní ti ẹ̀gbọ́n ọkọ yín, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ilẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú tí kò sì ní ìwé ìgbélùú títí láé gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ìjọba àpapọ̀ kí ó tó ra ilẹ̀, Victoria yóò sì gba àfikún owó òǹtẹ̀ (owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ilẹ̀ ríra) ìdá 8 nínú 100 lórí ìpín tirẹ̀. Bí owó rẹ̀ bá jẹ́ ẹ̀bùn, báńkì yóò béèrè lẹ́tà tí ó sọ bẹ́ẹ̀ àti ẹ̀rí ibi tí owó ti wá. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀yáwó, kí lọ́yà kọ ìwé rẹ̀ láàrin yín, kí ẹ sì sọ fún báńkì kí wọ́n tó ka iye tí wọ́n lè yá yín.