Kò Sí Tíkẹ́ẹ̀tì Tó Ń Gbé Ènìyàn Wọ Ibojì Qin Shi Huang

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń lọ ra ọjà ní Guangzhou, mo sì fẹ́ fi ọjọ́ méjì ya Xi'an. Ẹnìkan ní òun máa mú mi wọ inú ibojì ọba tó ni àwọn ère ọmọ-ogun alámọ̀. Ṣé májèlé inú ibẹ̀ kò ní ṣe mí ní jàǹbá?

Ìdáhùn: Ẹ má fún ẹni náà ní kọ́bọ̀. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń fi í jẹun. Kò sí awalẹ̀pìtàn kankan tó tíì ṣí ibojì Qin Shi Huang, ọba Ṣáínà àtijọ́ tí ẹ ń sọ yẹn. Ibi tó bá mú yín wọ̀, àfarawé ni.

Ibi tí àwọn ọmọ-ogun alámọ̀ wà kì í ṣe ibojì rárá. Kòtò mẹ́ta ni. Àwọn àgbẹ̀ tó ń gbẹ́ kànga ló ṣàdédé kan àkọ́kọ́ nínú wọn lọ́dún 1974. Ibojì gan-an wà lábẹ́ òkìtì ńlá kan tí igi hù lé lórí, nǹkan bíi kìlómítà kan àbọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn àwọn kòtò náà.

Ní ti májèlé, òpìtàn Sima Qian, tó kọ̀wé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú ọba náà, sọ pé wọ́n fi mẹ́kúrì, irin tó máa ń ṣàn bí omi, ṣe odò sínú ibojì. Wọ́n ti yẹ erùpẹ̀ òkìtì náà wò, mẹ́kúrì sì pọ̀ nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni olórí ìdí tí wọn ò fi ṣí i. Dingling ni.

Dingling ni ibojì ọba Wanli, tó kú lọ́dún 1620, nítòsí Beijing. Lọ́dún 1956 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wú u. Wọ́n bá ẹwù ṣẹ́dà lóríṣiríṣi nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí afẹ́fẹ́ kàn wọ́n, àwọ̀ wọn ṣá, wọ́n gan, wọ́n sì ń fọ́. Àwọn pósí àtijọ́, wọ́n dà wọ́n nù. Lọ́dún 1966, àwọn ọ̀dọ́ Ẹ̀ṣọ́ Pupa, ọmọlẹ́yìn Mao tó jẹ́ olórí Ṣáínà nígbà náà, dáná sun egungun ọba àti ti ayaba rẹ̀ méjèèjì. Mi ò lè sọ ọ́ kí ó má dùn mí. Láti ìgbà náà, wọn kì í mọ̀ọ́mọ̀ ṣí ibojì ọba mọ́ ní Ṣáínà.

Bó bá jẹ́ inú ibojì lẹ fẹ́ wọ̀ dandan, ẹ lọ sí Dingling. Àlejò ń wọ ibẹ̀, àmọ́ àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀. Bí orúnkún tàbí ọkàn bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà yín. Àwọn pósí pupa tí ẹ máa rí, ẹ̀dà ni.

Ní Xi'an, ẹ mú pásípọ́ọ̀tù yín dání, òun ni wọ́n fi ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Òfin máa ń yí padà, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbéra. Lẹ́yìn àwọn kòtò, ẹ má sáré padà sínú ọkọ̀ bí ọ̀pọ̀ àlejò ti ń ṣe. Ẹ dé ẹsẹ̀ òkìtì náà.