Ọwọ́ alásè ni kí o máa wò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Gbajúmọ̀ alásè kan wà tí mo fẹ́ràn bí ẹyinjú. Ó fẹ́ dáná níwájú èrò kí á lè kọ́ ọ, mo sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Irú ètò bẹ́ẹ̀ tí mo lọ tẹ́lẹ̀, ẹran tí alásè dín pọ́n dáadáa. Nígbà tí mo dín tèmi nílé, omi ló ń sun, kò pọ́n rárá, bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tó sọ ni mo kọ sílẹ̀. Báwo ni kí n ṣe é lọ́tẹ̀ yìí, mà?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, inú mi dùn sí ìbéèrè yìí. Ohun tó ti ẹnu alásè jáde lo kọ. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí ààrò kì í sọ ìdajì ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe mọ́. Kì í ṣe ahun, ó ti mọ́ ọn lára ni. Níbi púpọ̀, wọ́n á fún yín ní ìwé tí wọ́n to èròjà sí, nítorí náà gbé bíírò sílẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lẹ́nu iṣẹ́.

Wo ọ̀rọ̀ ẹran rẹ. Omi inú agbada kì í gbóná ju 100°C lọ, ẹran kì í sì í pọ́n dáadáa àfi tí ojú rẹ̀ bá gbóná tó bíi 140°C. Tí omi bá ṣì wà lára rẹ̀, bíbọ̀ lò ń bọ̀ ọ́, o ò tíì máa dín in. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ń ran alásè lọ́wọ́ ti nu ẹran yẹn gbẹ kí ẹ tó jókòó. Ta ni yóò wá rántí sọ ọ́? Agbada gbọ́dọ̀ gbóná kí ẹran tó wọ̀ ọ́, kí ẹran má sì fún mọ́ra.

Àkókò ni wọ́n máa ń gé kúrò jù. Alásè á ti ìkòkò kan sínú ààrò, á sì fa òmíràn tó ti jinná yọ. Kò tàn yín jẹ, wákàtí tí wọ́n fún un ni kò gbà á. Àlùbọ́sà tí wọ́n fẹ́ kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kó sì dùn, lè gbà tó ogójì ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí iná tí kò le. Níbi tó bá ti pààrọ̀ ìkòkò ni kí o béèrè: báwo ló ṣe pẹ́ tó láàárín méjèèjì? Kí ni ẹ rí tí ẹ fi mọ̀ pé ó ti tó?

Má jà fún ìjókòó iwájú. Tí jígí bá wà lókè tábìlì, tàbí kámẹ́rà tó ń gbé inú agbada hàn, jókòó síbi tí o ti lè rí i dáadáa. Ẹni tó wà níwájú pátápátá lè má rí ju ẹ̀gbẹ́ ìkòkò lọ. Fetí sí òróró pẹ̀lú. Ariwo rẹ̀ máa ń yí padà bí omi ara oúnjẹ bá ṣe ń gbẹ.

Fọ́tò ńkọ́? Yà á, o fẹ́ràn alásè náà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kó jẹ́ lẹ́yìn ètò.

Tí wọ́n bá sì ní kí ẹ tọ́ oúnjẹ wò, má sáré gbé e mì. Fi ẹnu mọ bí iyọ̀ rẹ̀ ṣe tó, àti bó ṣe rọ̀ tàbí le sí. Ohun tí o máa fi wo tìrẹ nílé nìyẹn, kí o sì sè é láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí ẹnu rẹ tó gbàgbé.